Ìkọ́ṣẹ́ Fídíò ní Àkúrẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Fíìmù

Akẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ni mí, mo sì lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, láti oṣù Keje títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án, gẹ́gẹ́ bí akọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ fídíò kékeré kan ní Àkúrẹ́. Láti ìgbà tí mo ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn àbúrò wa ní ẹ̀ka ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà léraléra, ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Kí ni a ń pè ní IT, kí ló sì mú tiwa yàtọ̀?

IT ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pe àkókò tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àjọ ITF (Industrial Training Fund), tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ló gbé SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, kalẹ̀ ní ọdún 1973, kí àwọn tó ń jáde ní yunifásítì àti pọ́ọ̀lì má baà jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́. Bí ẹ̀ka yín bá wà lábẹ́ ètò náà, ẹ ó gba logbook, ìyẹn ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, àti àwọn fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Bí kò bá sí lábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣì lè wá ààyè fúnra yín ní ìsinmi, bí èmi ti ṣe.

Ohun tó mú tiwa yàtọ̀ ni pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ lè tú ẹ̀rọ kan palẹ̀, kí ó tún un tò, kí ó sì tún un tú. Àwa kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìyàwó kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé bátìrì kú lọ́wọ́ ẹni tó ń ya fídíò, a kì í sì í sin òkú kan lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́ jù lọ láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ni ìṣọ́ra: bí a ti ń tọ́jú ohun tí a yà kí ó má baà sọ nù. Bí a ti ń ya àwòrán tó rẹwà, mo ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ní kíláàsì.

Níbo ni mo ti lè rí ààyè ní Àkúrẹ́?

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n: OSRC ti ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó tó wà ní Òrìta Òbelé, àti NTA Àkúrẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Èkejì ni àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń ya ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọjọ́ ìbí àti ìpolówó ọjà, tí ẹ ó rí ní Alágbàká, ní Ìjàpọ̀, lójú ọ̀nà Ọba Adésídà àti ní àyíká FUTA. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀ka fídíò àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ìsìn wọn sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìròyìn tàbí bí a ṣe ń darí kámẹ́rà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọwọ́ òun tètè kan kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà, kí ó wá ilé-iṣẹ́ kékeré. Kò sí òṣìṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀, nítorí náà wọn kì í pẹ́ gbé kámẹ́rà kejì lé akọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí mo yàn nìyẹn, n kò sì kábàámọ̀.

Ìgbà wo ni kí n kọ̀wé?

Ó kéré tán, oṣù méjì ṣáájú ìsinmi. Ẹ gba lẹ́tà láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sì fẹsẹ̀ yín gbé e lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kékeré kì í ṣí ímeèlì wọn. Ẹ má lọ ní ọjọ́ Ẹtì tàbí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ òde ni ọjọ́ méjèèjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ, ọ̀gá sì ráyè jókòó tì mí fún ìdajì wákàtí.

Iṣẹ́ méjì péré tó jẹ́ tiyín tó fún un láti wò, bí kò bá tilẹ̀ ju ìṣẹ́jú méjì méjì lọ.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ ní kámẹ́rà tèmi?

Rárá. Ẹ ní ẹ́áfóònù tó bo etí dáadáa, ìwé kékeré tó wọ àpò, bàtà tí a lè fi dúró fún wákàtí mẹ́jọ, àti aṣọ dúdú méjì, kí ẹ má baà máa tàn nínú àwòrán àwọn tó kù.

Ṣé wọ́n máa ń sanwó?

Ẹ béèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ má sì tijú. Ní ọ̀dọ̀ wa, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń fún akọ́ṣẹ́, wọ́n sì máa ń fi nǹkan díẹ̀ kún un ní ọjọ́ tí òde bá di òru. Èyí tí mo kọ̀ fún yín ni pé kí ẹ sanwó fún ẹni tó fẹ́ gbà yín sí IT. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ń ta òǹtẹ̀ ni, kò fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Kí ni wọn yóò fún mi ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?

Wáyà kíká, bátìrì fífi sí iná, àti ẹrù gbígbé. Ẹ má fojú tín-ín-rín wọn. Wáyà ohùn kì í ṣe ohun tí à ń ká mọ́ ìgúnpá bí okùn ìfàmi. Bí a bá ká a bẹ́ẹ̀, yóò lọ́ nínú, òwú bàbà inú rẹ̀ yóò máa já díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké nígbà tí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà. Bí a ṣe ń ká a ni pé ìyípo kan yóò wá láti òkè, èyí tó tẹ̀ lé e yóò gba abẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbà mí kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n, títí di òní sì ni mo máa ń mọ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí nípa bó ṣe ń ká wáyà.

Ti bátìrì náà ní ìlànà tirẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, èyí tó kún ni a ń fi rọ́bà pupa dè, èyí tí a ti lò kò ní rọ́bà. Nígbà tí iná kò bá dúró sójú kan, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú òde ni a ń fi gbogbo wọn sí iná. Ẹni tó bá ní òun yóò ṣe é láàárọ̀ lè jí kí ó má rí iná rárá.

Báwo ni kí n ṣe máa bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lóde?

Ẹ kí àgbà kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà rere nìkan, iṣẹ́ gan-an ló jẹ́. Ìyá àgbà tí ẹ bá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí láàárọ̀ ni yóò yí ojú sí yín nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ẹ bá fẹ́ kí bàbá kan sún síwájú díẹ̀, ẹ má fi ìka júwe fún un, ẹ má sì pàṣẹ láti òkèèrè. Ẹ lọ bá a, kí ẹ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa sún síbí díẹ̀ kí ojú yín lè yọ dáadáa.” Ọ̀gá yín, bí kò bá tilẹ̀ jù yín lọ ju ọdún mẹ́ta, “ọ̀gá” tàbí “bọ̀dá” ni ẹ ó máa pè é lójú àwọn oníbàárà.

Kí ló dé tí àwòrán mi fi ń ṣẹ́jú tí ilà dúdú sì ń gba inú rẹ̀ kọjá lábẹ́ iná gílóòbù?

Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó túmọ̀ sí pé gílóòbù ń mọ́lẹ̀ ó sì ń rẹlẹ̀ ní ìgbà 100 láàárín àkókò kan náà. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà rí i. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ni wọ́n ti ṣètò fún ọjà Amẹ́ríkà, níbi tí iná ti ń yí ní ìgbà 60, nítorí náà àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti shutter (iye àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ sí àwòrán kọ̀ọ̀kan) 1/60 ni ẹ ó bá lórí rẹ̀. Ẹ yí i sí àwòrán 25 àti shutter 1/50. Bí ẹ bá fẹ́ kí ijó ìyàwó lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àwòrán 50 àti 1/100 ni kí ẹ lò.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán tí ilà náà kò lọ, ẹ wo ibi tí iná ti ń wá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹrù wúwo lé lórí kì í yí ní ìgbà 50 géérégé, ó lè lọ sókè tàbí kí ó wá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tan fìríìjì àti fáànù sí i. Ẹ sún shutter síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ilà náà yóò fi dúró tàbí tí yóò fi pòórá. Àwọn iná LED olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn tún burú ju gílóòbù lọ, nítorí náà, kí àlejò tó dé ni kí ẹ ti yà wọ́n wò.

Ṣé lóòótọ́ ni ohùn ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ?

Lóòótọ́ ni, ní èdè tiwa sì ni ó ti rí bẹ́ẹ̀ jù. Èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn: bí ìró ọ̀rọ̀ bá ti fọ́, kì í ṣe adùn rẹ̀ nìkan ló lọ, ìtumọ̀ rẹ̀ lè lọ pẹ̀lú. Ẹ ronú sí onílù tó ń fi gángan pe oríkì ọkọ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Bí a bá ti gba ohùn náà sókè jù, ohun tí ẹbí yóò gbọ́ nínú fídíò ni ariwo, wọn kò ní mọ̀ mọ́ bóyá bàbá wọn ni onílù pè tàbí ẹlòmíràn.

Lórí ìwọ̀n ohùn kámẹ́rà, tí a ń fi dB kà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu máa kan nǹkan bí -12, kí ó má dé 0 láé, níbi tí ohùn ti ń fọ́, nítorí pé ohùn tó bá ti fọ́ ní 0 kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe dáadáa. Bí ẹ̀rọ yín bá gba ohùn sí ojú ọ̀nà méjì, ẹ fi ọ̀nà kejì sílẹ̀ ní ìwọ̀n dB 10 tàbí 12 nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn onílù bá ya wọlé lójijì, ọ̀nà kejì yìí ni yóò gbà yín. Ẹ pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo níwájú gbogbo kámẹ́rà níbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń ṣe ẹ́díìtì lè fi ìró yẹn pa àwòrán àti ohùn pọ̀.

Ibi tí a ń fi máìkì kékeré sí tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọkùnrin tó wọ agbádá yóò máa da apá rẹ̀ sí èjìká ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, gbogbo ìgbà tó bá sì dà á ni aṣọ yóò rá máìkì lára. Àárín ọrùn gan-an, nísàlẹ̀ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ni ibi tó dára jù. Obìnrin tó fi iyùn sọ́rùn, ẹ má fi sí àyà rẹ̀ rárá, nítorí pé iyùn yóò máa kàn án. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ obìnrin tó ń bá a wé gèlè, kí ó bá yín fi sí etí gèlè lápá ibi tí kámẹ́rà kò ti ní rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ́áfóònù sí etí, kí ẹ má sì yọ ọ́.

Kí ni kí n ṣe sí òjò àti jẹnẹrétọ̀?

Oṣù Keje àti oṣù Kẹsàn-án kì í ṣeré ní Àkúrẹ́. Òjò tó bá rọ̀ sórí páànù yóò pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, kò sí máìkì tó lè gbà á. Àárọ̀ ni kí ẹ fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sí, nítorí pé ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni òjò ìgbà náà máa ń sábà dé. Bí ilé náà bá ní yàrá nísàlẹ̀ tó sì jẹ́ pé alájà ni, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé pẹ̀lú wáyà gígùn, kí ògiri méjì wà láàárín yín. Ẹ má bẹ onílé pé kí ó pa á láìkọ́kọ́ béèrè ohun tó wà lórí rẹ̀. A ti bá ilé kan pàdé tó jẹ́ pé ẹja odindi ọ̀sẹ̀ kan ló wà nínú fìríìsà.

Ojú ọkọ ìyàwó dúdú, aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ wá sí ojú. Ibi tó bá ti funfun jù nínú àwòrán kò ní nǹkan kan nínú mọ́, gbogbo ọnà léèsì náà ti lọ, ṣùgbọ́n ojú tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣì ṣeé gbé sókè nínú ẹ́díìtì. Ẹ tan àmì abilà inú kámẹ́rà (zebra, ilà tó ń fi ibi tó mọ́lẹ̀ jù hàn) sí 95, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù títí tí ilà náà yóò fi kúrò lára aṣọ. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnìkan gbé iná kékeré tàbí pátákó funfun súnmọ́ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Awọ dúdú máa ń dán dáadáa bí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó sì máa ń pẹlẹbẹ bí a bá tan án síwájú rẹ̀ tààrà.

Báwo ni mo ṣe lè rí i pé fáìlì kò sọ nù?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Kámẹ́rà tó ń kọ mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ nǹkan bíi gígábáìtì 45 ní wákàtí kan, nítorí pé bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Bí kámẹ́rà méjì bá yà fún wákàtí mẹ́ta mẹ́ta lóde kan, 270 nìyẹn, bí ẹ bá sì pa á mọ́ sí ibi méjì, ó di 540. Hard drive tó ń gba mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo ìṣẹ́jú 45 kí ó tó kó 270 wọlé, lẹ́ẹ̀kan péré. Ìdí nìyí tí akọ́ṣẹ́ fi ń sùn gbẹ̀yìn ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Mẹ́mọ́rì káàdì tó ṣófo ń kojú sókè nínú àpótí rẹ̀, èyí tó ti kún ń dojú bolẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń di àpótí náà mú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí a bá dé, a ó ṣí fódà tuntun tó ní ọjọ́, orúkọ òde, nọ́ńbà kámẹ́rà àti nọ́ńbà káàdì. A ó kó o sí hard drive méjì, a ó wo iye fáìlì àti ìtóbi wọn bóyá ó bá ti orí káàdì mu, a ó sì ṣí fáìlì àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìkẹyìn wò. Hard drive kan yóò wà ní ọ́fíìsì, ọ̀gá yóò gbé èkejì lọ ilé, nítorí pé bí olè tàbí iná bá dé ibì kan, kò ní dé ibi kejì lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ lórí káàdì lóde, ì báà jẹ́ àwòrán ẹsẹ̀ yín tí ẹ ṣèèṣì yà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pàdánù ìgbéyàwó nìyẹn: wọ́n fẹ́ pa ẹyọ kan rẹ́, ọwọ́ wọn sì yẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àgbélétan mi kò lágbára tó fún 4K, fídíò tó mọ́ kedere tí fáìlì rẹ̀ sì tóbi. Ṣé n kò ní lè ṣe ẹ́díìtì?

Ẹ ó lè ṣe é. Ẹ ní kí sọ́fítíwia ẹ́díìtì yín ṣẹ̀dà àwọn fáìlì náà sí kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní proxy, kí ẹ fi ẹ̀dà yẹn gé e tán, lẹ́yìn náà ni yóò padà sí fáìlì gidi nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣẹ̀dà lóru.

Àkọlé tí mo kọ ní Yorùbá ń dà rú, àmì ń fò kúrò lórí lẹ́tà. Kí ló fà á?

Àwọn lẹ́tà bíi á àti è ní kóòdù tiwọn ní Unicode, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní àmì sókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, bí ẹ́ àti ọ̀, kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Ègé méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ bí a ti ń tò wọ́n yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó sọ ọ́ di àpótí òfìfo. Noto Sans àti Charis SIL ń tò wọ́n dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí a yọ àmì náà kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti oko kì í ṣe nǹkan kan náà. Mo ti rí fídíò kan tí wọ́n kọ “Iya Oko” sábẹ́ ìyá ọkọ ìyàwó, obìnrin tó múra dáadáa, tó sunkún ayọ̀, tí orúkọ tó yẹ ẹ́ sì di ti ẹni tó ni ilẹ̀ àgbàdo. Ẹ mú ìwé, kí ẹ béèrè orúkọ àti oyè gbogbo ènìyàn tó máa wà nínú àkọlé, kí ẹ sì kà á padà sí etígbọ̀ọ́ wọn.

A fẹ́ lọ ya fídíò ní Òkè Ìdànrè, a sì fẹ́ fi dróònù yà á. Kí ni ó yẹ kí a mọ̀?

Àkàsọ̀ tó ju 600 lọ ni ẹ ó gùn kí ẹ tó dé ibi tí ìlú àtijọ́ wà. Ẹ pín ẹrù náà nísàlẹ̀: kámẹ́rà kan, lẹ́ǹsì méjì, ẹsẹ̀ kámẹ́rà tó fúyẹ́, omi púpọ̀, àti aṣọ òjò fún kámẹ́rà ṣáájú tiyín. Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu ibodè kí ẹ tó gòkè, kí ẹ sì sọ tààrà pé iṣẹ́ ni ẹ wá ṣe. Òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí máa ń yọ̀, nítorí náà kí ẹni tó ń wo inú kámẹ́rà má rìn sẹ́yìn láìsí ẹni tó dì í mú.

Ti dróònù kì í ṣe ti ibodè nìkan. Òfin ilẹ̀ wa béèrè pé kí ẹni tó bá fẹ́ fò ó gba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, àti láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn lórí Ààbò Orílẹ̀-èdè. Akọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe ẹni tó ń fò ó nígbà tí ìwé kò sí. Ní Àkúrẹ́ pàápàá, pápákọ̀ òfurufú kò jìnnà sí Ọ̀bà-Ilé, ibi tí ọ̀pọ̀ òde ti ń ṣẹlẹ̀ báyìí.

Ṣé gbogbo ohun tí mo bá rí ní ààfin, níbi ọdún ìbílẹ̀ tàbí níbi ìsìnkú ni mo lè yà?

Rárá. Ní ààfin, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìránṣẹ́ ibi tí ẹ lè dúró sí, ohun tí ẹ lè yà, àti bóyá ẹ ó bọ́ bàtà, kí Kábíyèsí tó jáde. Níbi ọdún ìbílẹ̀, apá kan wà tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, apá kan sì wà tó jẹ́ ti àwọn tó ni ín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pa kámẹ́rà, ẹ pa á lóòótọ́, kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí wọ́n rí i. Ẹni tó fi kámẹ́rà sí àyà tó ń yà á lábẹ́lẹ̀ ti ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Níbi ìsìnkú, àríyànjiyàn wà láàárín àwọn oníṣẹ́. Àwọn kan ń súnmọ́ ojú ẹni tó ń sunkún kí omijé lè yọ. Èrò tèmi ni pé kí a dúró sí ọ̀nà jíjìn, kí a fi lẹ́ǹsì gígùn yà á, kí a sì gbé kámẹ́rà kúrò bí ẹni náà bá wò wá lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé mo lè fi iṣẹ́ tí mo ṣe ní IT sínú àwọn iṣẹ́ tí mo ń fi han ènìyàn?

Àṣẹ ni kí ẹ gbà, kí ó sì wà ní kíkọ. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọnà (Copyright Act) ti ọdún 2022, ẹni tó ṣètò bí fídíò ṣe di ṣíṣe ni òfin kà sí ẹni tó ṣe é, àfi bí àdéhùn mìíràn bá wà. Kì í ṣe ẹni tó di kámẹ́rà mú. Yàtọ̀ sí ti ọ̀gá, ojú àwọn oníbàárà wà nínú rẹ̀, wọn kò sì san owó kí ayẹyẹ wọn lè di ìpolówó fún yín. Mo béèrè fún ìṣẹ́jú àáyá 40 nínú òde mẹ́ta, mo fi han àwọn ẹbí, méjì gbà, ọ̀kan kọ̀, mo sì yọ tiwọn kúrò.

Ọ̀gá kàn ń rán mi lọ ra omi àti búrẹ́dì. Kí ni kí n ṣe?

Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ ní sùúrù. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ wá ọjọ́ Ajé tí ọwọ́ dilẹ̀, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì béèrè ohun kan pàtó: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa mójú tó ohùn ní òde tó ń bọ̀.” Ẹni tó ní “mo fẹ́ kọ́ṣẹ́” kò tíì béèrè nǹkan kan. Ohùn sì ni ibi tí àyè máa ń ṣófo jù, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló fẹ́ di kámẹ́rà mú.

Bí ó bá kọ̀ títí, ẹ kọ òtítọ́ sínú logbook yín lójoojúmọ́, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó yín kí ìdajì àkókò tó tán. Ẹ má kọ iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe síbẹ̀. Olùkọ́ yóò bi yín ní ìbéèrè lórí rẹ̀, ẹnu yín yóò sì wọhò.

Mo ti ba nǹkan jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò lóde. Mo mọ bí ó ti le tó. Ní oṣù Kẹjọ, a ń ya ìsìnkú ìyá àgbà kan, èmi ni mo sì wà nídìí ohùn. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìyá rẹ̀. Ẹnìkan pè mí láti ẹ̀yìn, mo fa ẹ́áfóònù sílẹ̀ sí ọrùn láti dá a lóhùn, n kò sì dá a padà. Nígbà tí mo máa wojú ẹ̀rọ, iná kékeré ara rẹ̀ tó máa ń tàn ní àwọ̀ ewé ti kú. Bátìrì ti tán. Gbogbo oríkì tí obìnrin náà kì, tí gbogbo gbọ̀ngàn fi dákẹ́ tí àwọn àgbà fi ń mi orí, n kò gba ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá nídìí ọkọ̀, mo sọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí n wá ẹni tó bá fi fóònù yà á kí àwọn ènìyàn tó túká. Nítorí pé a kò tíì kúrò níbẹ̀, mo rí àwọn méjì: ìkíní jìnnà jù, ìkejì sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Kò tó. Ní ọjọ́ Ajé, a lọ sílé obìnrin náà ní Ọ̀bà-Ilé, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ó wò mí, ó ní kí n dìde, ó gbé àga wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ki oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohùn rẹ̀ kò rí bí ti ọjọ́ ìsìnkú. Ó rọ̀, kò sí ẹkún nínú rẹ̀, a sì ń gbọ́ adìẹ nínú àgbàlá. A fi í sábẹ́ àwòrán ọjọ́ náà níbi tí ẹnu rẹ̀ kò ti hàn, a sì sọ fún ẹbí gan-an ibi tí ohùn náà ti wá. Láti ìgbà náà, bátìrì tuntun ni mo ń fi sí ẹ̀rọ ohùn kí ẹnikẹ́ni tó dìde sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ pé èyí tó wà níbẹ̀ kò tíì dé ìdajì.